Ọ̀rọ̀ tí Noomane sọ lórí àga mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 oṣù Ṣẹẹrẹ

Wọ́n ti yọ Noomane kúrò nínú ẹgbẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìkéde náà jáde, ìlà mẹ́ta péré: ẹgbẹ́ El Waha dúpẹ́ lọ́wọ́ balógun rẹ̀, ìhà méjèèjì ti fẹnu kò láti pínyà, kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa, ìlà mẹ́ta ni wọ́n fi sìn ín jáde.

Mo ń fá irùngbọ̀n Khélifa lọ́wọ́, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, nígbà tí Wajdi já wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Wajdi yìí ló máa ń lé orin fún àwa alátìlẹ́yìn nínú pápá. Ohùn rẹ̀ ti há kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Am ni òun àti gbogbo ọ̀dọ́ ń pè mí, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá.

"Am Lazhar! Ẹ ti gbọ́? Wọ́n ti lé Noomane, Ògiri wa!"

"Wọn ò lé e," Khélifa dáhùn lábẹ́ ọṣẹ. "Wọ́n ní àwọn jọ fẹnu kò ni. Àbí o ò mọ̀wé kà?"

"Tíṣà, ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n fá yín tán."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Láti ìparí oṣù Bélú, góólù mọ́kànlá ni wọ́n ti gbá wọlé wa, mẹ́jọ nínú rẹ̀ ló gba ọwọ́ òsì wọlé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ń ṣọ́ ọwọ́ òsì? Tó bá fẹ́ yí padà báyìí, bíi tírélà ló ń yí."

"Tírélà! Ẹni tó forí gbá góólù tí a fi wà nínú líìgì yìí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ojú rẹ̀? Ẹ sunkún lọ́jọ́ yẹn, Tíṣà. Mo rí yín!"

"Mo sunkún. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn."

Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù fi kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan ń ṣépè fún ààrẹ ẹgbẹ́, Mondher, tí gbogbo wa ń pè ní Sí láti bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn kan ní èṣí ló ti yẹ kó ṣe é. Wọ́n jà lórí gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọ́n pawọ́ pọ̀ bèèrè: kí ló dé tó fi jẹ́ àárín sáà, nígbà tí a wà ní ipò kejì láti ìsàlẹ̀? Wajdi ní ẹnìkan ló sọ nǹkan kan fún ààrẹ. Ó ní ẹnìkan ti ta Noomane.

Mo ń fọ abẹ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni ẹni náà. Mo kọ ọ́ síhìn-ín nítorí pé n kò lè sọ ọ́ níbòmíràn.


Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Èrèlé

Ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Mabrouka ìyàwó mi ti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Chenini. Òjò ń ṣẹ́ wínniwínni láti òwúrọ̀. Kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nínú oṣù Ọ̀wàrà, mo ń fá Noomane, mo sì gbé abẹ gba ẹ̀gbẹ́ òsì. Kò mọ̀ pé abẹ ń bọ̀ àfìgbà tó kan án. Ó ta gìrì, díẹ̀ ló kù kí n gé e létí. Mo bi í kí ló ṣe é. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Ó ní láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti ba òun lójú nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀, bí ẹni tó ń wo ayé láti inú ilé ìwẹ̀ olóoru ni ojú òsì òun rí. Amor, ẹni tó ń fọwọ́ wọ́ra fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́, nìkan ló mọ̀, òun ló ń bá a kán oògùn sí i.

"Am Lazhar, ẹ má jẹ́ kó jáde o. Sáà kan ṣoṣo yìí ló kù fún mi. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi rìn jáde ni, n kò fẹ́ kí wọ́n gbé mi jáde."

Mo búra fún un. Kò tilẹ̀ yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ búra. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ọ̀gá mi, Am Boubaker, kọ́ mi pé ohun tí èèyàn bá sọ lórí àga onígbàjámọ̀ kò gbọdọ̀ jáde síta, kódà kò gbọdọ̀ dé etí ìyàwó onígbàjámọ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ títí mo fi gbà. Gbogbo wa tó ń fárí ní àdúgbò Jara yìí la wà lábẹ́ òfin yìí, ìdí nìyí tí adájọ́ àti olè fi ń na ọrùn fún abẹ kan náà láìfòyà.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá, Sí Mondher wá, bó ṣe ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun fẹ́ fún Noomane ní ọdún méjì sí i. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí wọ́n bá forí kọrí lẹ́ẹ̀kan péré, bí ojú kejì bá tún lọ ńkọ́, ọmọbìnrin méjì ló bí. Mo bá sọ ọ́. Sí Mondher ní kí n tún irunmú òun ṣe. Lọ́jọ́ kejì ó gbé Noomane lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Sfax, ó ní àyẹ̀wò lásán ni.

Ìfẹ́ ló mú mi sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ìyẹn wà ní àkọsílẹ̀.


Ọjọ́rú, 4 oṣù Èrèlé

A lọ gbá ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Medenine, wọ́n nà wá ní méjì sí òdo. Tòmátò ti gbówó lórí.


Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Èrèlé

Sí Mondher jókòó sórí àga bí ẹni pé kò sí nǹkan. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n, Lazhar."

"Òtútù ni."

"Fọkàn balẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹ fún ẹnikẹ́ni. N kò sì ní sọ̀rọ̀ ojú yẹn síta, torí bí mo bá sọ ọ́, ẹgbẹ́ wo ló máa gbà á? Gbogbo ìlú ń bú mi, mò ń gbé e mì. Ìwọ náà gbé tìẹ mì."

Ó ń sọ̀rọ̀ fún mi bí ẹni pé àwa méjèèjì la jọ jí nǹkan gbé. Inú bí mi, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ nínú rẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Èrèlé

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jiyàn lórí ohun tí a máa ṣe nínú pápá lónìí. Wajdi àti àwọn tirẹ̀ fẹ́ kí a kẹ̀yìn sí eré fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, nítorí nọ́ńbà márùn-ún tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù Noomane. Ó ní kò gbọdọ̀ sí orin, kò gbọdọ̀ sí ìlù.

"Mo sanwó láti wo bọ́ọ̀lù," Khélifa wí. "N kò sanwó láti wo ìpàkọ́ yín."

"Ẹni tí ò bá kẹ̀yìn, ọ̀tá Noomane ni."

"Ìyẹn nìkan lo mọ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn kí wọ́n tó bí ẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yìí ti wà kó tó dé, ó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn tó bá lọ. Àbí tí Noomane bá kú, ṣé a máa sin El Waha mọ́ ọn ni?"

Ọ̀rọ̀ náà le, àwọn kan sì pariwo lé e lórí. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń mi orí sí i.

A kẹ̀yìn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn kọjú sí ògiri sìmẹ́ǹtì, kẹ́kẹ́ pa. Ní ìṣẹ́jú kẹta, a gbọ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa hó ìhó ayọ̀ lẹ́yìn wa. A ti gbá góólù wọlé! Kò sẹ́ni tó lè yíjú padà, nítorí ìṣẹ́jú méjì ṣì kù. A dúró gbagidi, a ń wo sìmẹ́ǹtì, Wajdi ń fi ọwọ́ kan nu ojú. Góólù kan ṣoṣo yẹn la fi borí.

Khélifa nìkan ló rí i láàárín wa. "Láti ogójì mítà ni wọ́n ti gbá a," ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé. "Góólù tó dára jù tí mo rí láti ọdún mẹ́wàá. Ó mà ṣe o, ẹ ò sí níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọjú sí ògiri yẹn, ara tù mí. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò sí ẹni tó lè rí ojú mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Èrèlé

Noomane wá lónìí. Ó ti rù. Ó ní òun lọ dánra wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan ní Tripoli, ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ni dókítà wọn tan iná sí òun lójú. Wọ́n fún òun ní oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n sì sanwó ọkọ̀ fún òun padà wálé. Ọ̀rọ̀ ojú náà ti dé etí gbogbo èèyàn báyìí, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò tún pè é.

Mo pa ọṣẹ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú dígí bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹni méjì péré ló mọ̀, Am Lazhar. Amor àti ẹ̀yin. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Amor ni."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Burọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹnu mi sì wà lórí mi. Mo ní, "Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀." Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Kò tilẹ̀ kà mí mọ́ àwọn tó lè ṣe é. Ká ní ó fura sí mi, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn jù báyìí lọ.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù Èrèlé

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀. Ẹnìkan ti fi ọ̀dà pupa kọ Ọ̀DÀLẸ̀ sára ilẹ̀kùn Amor. Wajdi búra pé òun kọ́ lòun kọ ọ́, mo sì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pa á rẹ́ nínú wọn. Ẹgbẹ́ ti ní kí Amor lọ sinmi nílé ná.


Ọjọ́rú, 25 oṣù Èrèlé

Nígbà tí a ṣínu tán, Mabrouka ní ìyàwó Amor kí gbogbo àwọn obìnrin ní ọjà lónìí, ẹyọ kan kò dá a lóhùn.

"Amor tó máa ń gbé ẹyẹ tó já bọ́ látorí ọ̀pẹ padà sórí ìtẹ́! Ta ló gba irú nǹkan báyìí gbọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Wọ́n máa ń sọ gbogbo nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù ẹ. Kí ni wọ́n ń sọ?"

"O mọ̀ pé n kì í sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù nílé."

Ó ní òun mọ̀, ó sì kó àwo. Òfin tí mo ti rú ni mo tún sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè mu ọbẹ̀ mi tán.


Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Ẹrẹ́nà

Irọ́ ni mo pa nínú ohun tí mo kọ ní oṣù kan sẹ́yìn. Èmi nìkan ni mò ń ka ìwé yìí, síbẹ̀ mo purọ́ nínú rẹ̀. Ẹ ò rí irú èèyàn tí mo jẹ́.

Bó ṣe rí gan-an nìyí. Mo sọ fún Sí Mondher lọ́jọ́ náà pé ọwọ́ òsì wa kò dára. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lazhar, gé irun tí mo ní kóo gé. Kí ni onígbàjámọ̀ mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù?" Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ yìí. Mo ti tẹ̀ lé wọn dé ibi tí Sí Mondher kò lè tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo bá ní, "Mo mọ ohun tí dókítà yín kò mọ̀." Ó kọjú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún tó ti ń jókòó sórí àga yẹn, ó ní, "Kí ni?" Ó dùn mọ́ mi pé ó kọjú sí mi. Mo sì sọ ọ́.

N kò ronú kan ojú Noomane rárá ní ìṣẹ́jú yẹn. Alẹ́ ni mo tó wá ẹ̀rù lọ, nígbà tí mo nílò rẹ̀ láti fi bo ara mi.


Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Ẹrẹ́nà

Ọ̀mì, ọ̀kan sí ọ̀kan. Ẹgbẹ́ méjì péré ló wà lábẹ́ wa. Khélifa ní pẹ̀lú Noomane à bá ti pàdánù, Wajdi ní pẹ̀lú Noomane à bá ti borí. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn létí níwájú dígí mi, àwọn méjèèjì sì ń gbààwẹ̀. N kò dá sí i.


Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo gbọ́dọ̀ kọ tòní kí n tó sùn, kí n má baà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́la.

Ọ̀la ni wọ́n ń retí ọdún. Kò sí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù mi ń kún tó báyìí lọ́dún, nítorí gbogbo ọkùnrin ló fẹ́ fárí ká tó rí oṣù. Ìjókòó kún, àwọn kan dúró, àwọn mìíràn jókòó sí ojú ọ̀nà. Wajdi wà níbẹ̀, Khélifa wà níbẹ̀. Noomane ló wà lórí àga, mo ti pa ọṣẹ sí i lójú, mo ti fá apá ọ̀tún.

Gbogbo orí yí sí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wẹ̀yìn. Amor ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká fìlà mọ́wọ́. Irun rẹ̀ ti bo etí.

"Àlàáfíà fún yín. Am Lazhar, ṣé mo lè rí ààyè? Torí ọdún ni."

Wajdi ló dá a lóhùn. "Ààyè ò sí níbí. Lọ sọ fún Sí Mondher kó gé e fún ẹ. Ṣebí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Noomane kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Amor nínú dígí.

"Ọdún mẹ́wàá, Amor. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ẹ lọ́wọ́."

"Noomane, mo fi oṣù mímọ́ yìí búra..."

"Má búra. Má fi ààwẹ̀ ẹ ṣòfò."

Amor dé fìlà rẹ̀. Ó yí padà láti máa lọ. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ru ẹrù. Mo gbé abẹ kalẹ̀.

"Amor, dúró. Èmi ni."

Kò yé wọn. Wajdi ní, "Ẹ̀yin ni kí ni, Am Lazhar?"

"Èmi ni mo sọ fún Sí Mondher. Orí àga yìí ló jókòó sí. Amor ò mọwọ́ ò mọsẹ̀."

"Àánú rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n," ẹnìkan sọ lẹ́yìn. "Ẹ fi í sílẹ̀, Am Lazhar, ẹ má ti orí yín bọ̀ ọ́."

"Mo ní èmi ni. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ṣẹẹrẹ, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán."

Nígbà tí mo dárúkọ ọjọ́ ni wọ́n tó gbà mí gbọ́. Noomane kò yí orí. Inú dígí ló ti bi mí léèrè, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

"Kí ló dé?"

Ẹ̀rù tí mo kọ síhìn-ín lóṣù kejì wá sí ahọ́n mi. Ó ti to ara rẹ̀ dáadáa, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì wà nínú rẹ̀, ojú kejì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ì bá gbà á. Mo gbé e mì.

"Ó ní kí ni onígbàjámọ̀ mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ nǹkan."

Noomane fọwọ́ ara rẹ̀ tú aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ká a, ó gbé e lé apá àga. Pẹ̀lú ọṣẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó rìn kọjá láàárín gbogbo wọn lọ bá Amor, ó di orí rẹ̀ mú, ó fẹnu kò ó níwájú orí. Àwọn méjèèjì jọ jáde. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó bú mi. Ọ̀kan wà tí mo ti gé ìdajì orí rẹ̀ lórí àga kejì, òun náà dìde, ó dé fìlà bò ó. Aago márùn-ún kò tíì lù tí ṣọ́ọ̀bù fi ṣófo.

Mo sọ fún Mabrouka nígbà tí a ṣínu tán. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá mi lẹ́nu. Ó wá ní, "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń bi ẹ́ ní ohun tí wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀bù. O ò sọ kan fún mi rí. Àṣé Sí Mondher lo ń fi pamọ́ fún."


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù Ẹrẹ́nà

Ọjọ́ kejì ọdún. Àná ni mo lọ tọrọ àforíjì. Amor gbé àkàrà ọdún fún mi, ó ní kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ti Ọlọ́run ló sọ, kò sọ tirẹ̀. Ní ilé Noomane, ìyàwó rẹ̀ ní ó ń sùn. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá.

Lónìí mo gbé ọ̀dà lọ kun ilẹ̀kùn Amor. Pupa yẹn ń yọ síta lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn ún. Òòrùn mú gan-an.


Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù Igbe

Ẹni mẹ́ta ló fárí lọ́dọ̀ mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àlejò ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo pàdé Khélifa níwájú mọ́ṣáláṣí. Mo rò pé òun á yọ́nú sí mi, òun tó ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n yọ Noomane.

"Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, lóòótọ́," ó wí. "Gbangba ni mo ti sọ ọ́, lójú ara rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Má fi mí wé ara ẹ láéláé, Lazhar."

Kò pè mí ní Sí Lazhar bó ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀. Kò pè mí ní nǹkan kan bí kò ṣe orúkọ.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Igbe

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Noomane ní Tunis. Awọ kan tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ló ti ya. Wọ́n ní dókítà sọ pé bí bọ́ọ̀lù kan bá tún bà á níbẹ̀, ojú náà ì bá fọ́ pátápátá. Yóò máa ríran díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti tán.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Wajdi ti wọlé wá, ẹ̀ẹ̀kìíní láti ọjọ́ yẹn.

"Am Lazhar, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gba ojú rẹ̀ là. Àwọn ọmọ ń sọ ọ́ ní kafé. Wọ́n máa padà wá, ẹ má mikàn."

"N kò gba nǹkan kan là."

"Ẹ ṣáà fọwọ́ gbà á, bàbá. Gbogbo èèyàn ti ṣe tán láti gbàgbé ẹ̀."

Mabrouka náà sọ ohun kan náà lálẹ́, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ fún un pé inú mi dùn gan-an pé ojú náà kò fọ́, ó dùn débi pé mo wólẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú kọ́ ni mo torí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ì bá wù mí kó jẹ́ pé òun ni.


Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Èbìbí

Ìdíje parí lónìí. Góólù kan la fi yọ, àwọn ará Medenine ló já sí ìpele kejì. N kò lọ sí pápá, orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ. Noomane jókòó láàárín àwọn alátìlẹ́yìn, gíláàsì dúdú wà lójú rẹ̀, wọ́n kọrin orúkọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n sì kọjú sí eré lọ́tẹ̀ yìí.

Ní báyìí wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Mo ń gbọ́ wọn láti ojú pópó. Àwọn kan ń sọ pé ìyọkúrò rẹ̀ ló gbà wá, àwọn kan ní bí kò bá kúrò, ipò karùn-ún là bá wà.


Ọjọ́rú, 13 oṣù Èbìbí

Ṣọ́ọ̀bù ti ń kún padà. Àwọn tó ń wọlé ń fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, bí ẹni pé mo ṣàìsàn, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn.

Noomane wá ní ọ̀sán, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Àlàáfíà fún yín," ó jókòó. Mo so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo bi í bóyá bí ti tẹ́lẹ̀ ni, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo po ọṣẹ. Ọkùnrin yìí, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún, kò jókòó sórí àga yẹn rí kó má sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun fẹ́ gbéyàwó, kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́. Níbẹ̀ ló ti sunkún nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Mo sọ̀rọ̀ òòrùn. Mo sọ̀rọ̀ góólù ọjọ́ Àìkú. Mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní wọ́n wà. Nígbà tó yá èmi náà dákẹ́. Ó gbé orí sẹ́yìn, ó na ọrùn fún mi, ojú rẹ̀ méjèèjì pa dé. Mo fá a jẹ́jẹ́ láti etí dé etí, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Kò bẹ̀rù abẹ mi rárá.

Ó dìde, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó sanwó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun á tún wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, mo sì mọ̀ pé yóò wá. Ìdajì wákàtí ló lò lórí àga mi, kò sọ nǹkan kan fún mi.